Overclock inú ọyẹ́, ikú ọ̀sán oṣù Kẹta

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹta ni àbúrò mi, ọmọ àǹtí mi, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ó fi aṣọ ìbora wé e bí ọmọ tuntun. Kò tíì gbé e kalẹ̀ tán tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti kú o." Fídíò ìgbéyàwó ló ń ṣe jẹun. Owó iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ti ná an, ìyá ìyàwó sì ti pè é lẹ́ẹ̀mẹfà láti àárọ̀.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí sílẹ̀ látòkè délẹ̀, torí irú rẹ̀ ti ń pọ̀ níwájú mi. Ọmọ kan á ra prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ní tòkunbọ̀, á wo fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí YouTube, á wọ inú BIOS, níbi tí sẹ́tìn ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà wà, á sì ní kí prósẹ́sọ̀ náà máa sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe fi sílẹ̀. Ìyẹn ni overclock. Mi ò bá a jà, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣe é ló ń gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi.

Ohun tó gbé wá

Ryzen 5 3600 ni prósẹ́sọ̀ náà, èyí tí AMD gbé jáde nínú oṣù Keje ọdún 2019. Kọ́ọ̀ mẹ́fà, bí ẹni pé òṣìṣẹ́ mẹ́fà, ló ní, ó sì lè gbá iṣẹ́ méjìlá mú lẹ́ẹ̀kan náà. 3.6 GHz ni eré ìpìlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ bí àyè bá gbà á, òun fúnra rẹ̀ máa ń gun òkè dé 4.2 GHz láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i. Bọ́ọ̀dù B450 ló jókòó lé, irú èyí tó gbà kéèyàn ṣe overclock. Àwọn bọ́ọ̀dù A320 kò gbà á, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí wọn. Ti Intel náà ní tirẹ̀: lẹ́tà K tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Fáànù kékeré inú páálí tí AMD ń fún èèyàn, Wraith Stealth, ló wà lórí rẹ̀. RAM méjì wà níbẹ̀, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, 8 GB ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ 3200, ìyẹn eré rẹ̀, sí i lára.

Mo bi í pé kí ló ṣe sí i. Ó ní, "Díẹ̀ náà ni, Ẹ̀gbọ́n." Mo ní díẹ̀ báwo? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì ló ṣe é, lóru, lẹ́yìn tí ilé ti sùn. Ó ní kí gbogbo kọ́ọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa sá 4.3 GHz. Ó kan fóltéèjì rẹ̀ mọ́ 1.4. Ó gbé RAM láti 3200 lọ sí 3600. Ohun kan wà nínú BIOS tí wọ́n ń pè ní load-line calibration, èyí tí kì í jẹ́ kí fóltéèjì wálẹ̀ bí iṣẹ́ bá wọ prósẹ́sọ̀ lára. Ó gbé ìyẹn náà lọ sí òpin pátápátá. Gbogbo rẹ̀ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó sá Cinebench, ètò tó ń wọn eré prósẹ́sọ̀, lẹ́ẹ̀kan, ó rí nọ́ńbà ńlá, ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí status, ó lọ sùn. Ooru ńkọ́? Ó ní òun rí 83 tàbí 84 digírì.

Mo ní kó fi fídíò tó kọ́ ọ hàn mí. A jọ wò ó lórí fóònù rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin inú fídíò náà ń tẹ 1.4 sínú BIOS, mo ní kó dá a dúró.

"Kí ló wọ̀?"

"Ẹ̀wù òtútù, sà."

"Kí ló wà lórí prósẹ́sọ̀ rẹ̀?"

Ó fẹ àwòrán inú fídíò náà. Radiator olómi gbọọrọ, fáànù mẹ́ta tò sí i lára. Àbúrò mi wo fáànù tirẹ̀ tó ga tó páálí ìṣáná méjì, ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́bi.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú

Oṣù Kìíní lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí oṣù Kejì ń parí lọ ni wàhálà dé, ojú méjì ló sì gbé wá. Èkíní, kọ̀ǹpútà náà á kàn pa lójijì bó bá ń render fídíò, ìyẹn bó bá ń pa gbogbo ohun tó gé pọ̀ di fídíò kan ṣoṣo, pàápàá lọ́sàn-án. Lóru, iṣẹ́ kan náà á parí láìsí wàhálà. Èkejì ló dójú tì í: fídíò kan tó ti parí, tó ti fi ránṣẹ́, ní àpótí kéékèèké aláwọ̀ ewé níbi tí wọ́n ti ń náwó fún ìyá ìyàwó. Ojú ìyá náà fọ́ sí wẹ́wẹ́ bíi táìlì. Ẹni tó bá mọ òde Yorùbá mọ̀ pé kò síbi tó burú kí fídíò ti bàjẹ́ tó ibẹ̀ yẹn.

Iná ló kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ó ní ìgbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí òun bọ́ sórí inverter ni kọ̀ǹpútà náà máa ń kú láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ó ra bátìrì UPS tuntun. Kò tán. Ó fọ Windows, ó tún un gbé sórí rẹ̀. Kò tán. Ẹnì kan sọ fún un pé fáírọ́ọ̀sì ni. Owó tó ti ná kó tó dé ọ̀dọ̀ mi tó èyí tó lè ra fáànù gidi méjì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Kí n tó tún ohunkóhun ṣe, fóònù ni mo yọ. Mo wọ BIOS, mo ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan tó ti fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá tún nǹkan ṣe kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ti ju ẹ̀rí sínú odò nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́. Lórí BIOS náà èèyàn lè ṣe é. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti tàn rárá nítorí overclock, ẹ má bẹ̀rù: ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, ẹ yọ bátìrì róbótó bí owó ẹyọ tó wà lára bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà. Ó máa gbàgbé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Mo wá tan HWiNFO64 kí n máa ka ooru, mo tan Prime95 kó fún un níṣẹ́. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́ 34 digírì lọ́sàn-án yẹn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, prósẹ́sọ̀ ti dé 95, eré rẹ̀ sì ti ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ sí nǹkan bíi 3.7. 95 ni òpin ooru tí AMD kọ fún un. Tó bá débẹ̀, ó máa ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa jóná. Àbúrò mi yanu. Kò sí overclock kankan lórí rẹ̀ mọ́ báyìí, ó sì ń hó bí omi ẹ̀kọ. A jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí kò lè gbé ẹrù tirẹ̀ gan-an ni wọ́n tún di ẹrù mìíràn lé lórí.

Mo tú u. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó jẹ́ àkẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ sí. Prósẹ́sọ̀ AMD irú èyí ní abẹ́rẹ́ 1,331 lábẹ́, wọ́n sì tín-ín-rín. Thermal paste, ìyẹn ìpara tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti heatsink, irin tó ń gba ooru lábẹ́ fáànù, máa ń lẹ̀ bí àtè tó bá ti pẹ́. Bí ẹ bá fa fáànù sókè gbùà, ó lè fa prósẹ́sọ̀ yọ kúrò nínú ihò rẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé irin tó dì í mú ṣì wà ní títì, abẹ́rẹ́ á sì tẹ̀. Mo ti fi orí bírò onílẹ́ẹ̀dì tún abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ ṣe fún èèyàn rí, lábẹ́ gíláàsì, wákàtí kan gbáko. Mi ò fẹ́ ṣe é mọ́. Nítorí náà mo kọ́kọ́ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí paste náà lè rọ̀. Mo pa á, mo yọ wáyà. Mo tú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, láti igun kan lọ sí igun tó kọjú sí i, n kò tú ẹyọ kan tán kí n tó kan èkejì. Lẹ́yìn náà mo rọra yí heatsink náà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, bí ẹni ń ṣí ìdérí ike tó le, títí tí mo fi gbọ́ tí ó ṣe "pọ̀". Ìgbà yẹn ni mo gbé e.

Ẹni tó tà á fún un ti fi paste tuntun lé orí paste àtijọ́, ó nípọn bíi bọ́tà orí búrẹ́dì, àárín rẹ̀ sì ti gbẹ, ó ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Paste kì í ṣe bọ́tà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dí àwọn ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí láàárín irin méjì. Bó bá pọ̀ jù, òun gan-an ló ń di ìbora. Eruku ọyẹ́ tún ti kún àárín àwọn ìyẹ́ heatsink náà bí èlùbọ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré gbá a, mo fi ìka di fáànù mú kó má yí nígbà tí mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo fi isopropyl, ìyẹn sípíríìtì, nu ojú irin méjèèjì títí aṣọ funfun fi jáde láìní àbààwọ́n. Mo fi paste tuntun tó ẹyọ ẹ̀wà kan sí àárín, mo dè é padà, igun sí igun.

Nínú yàrá kan náà, iṣẹ́ kan náà, ó wálẹ̀ sí 90. Ìyẹn dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ mo sọ òótọ́ fún un pé, "Pẹ̀lú fáànù yìí, n'Ìbàdàn, nínú oṣù Kẹta, kò sí àyè fún overclock kankan níbí." Ó ní kí ni òun máa wá ṣe. Mo ní kó lọ ra heatsink gogoro, tó ní páìpù kọ́pà mẹ́rin àti fáànù 120 mm. Ó lọ lọ́jọ́ kejì, ó gbé e dé. Ooru bọ́ sí 76.

RAM ni ó ba ojú ìyá ìyàwó jẹ́

Èmi ò gbà pé àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà tó kàn pa, àti kọ̀ǹpútà tó parí iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó ṣe yí ohun mẹ́rin padà lóru ọjọ́ kan náà ló jẹ́ kí wọ́n dà bí ọ̀kan.

MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM wò, ni mo lò. Orí flash ló ti ń ṣiṣẹ́, kò nílò Windows, ti ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì máa ń yípo lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo fi í sílẹ̀ lálẹ́ lórí sẹ́tìn ilé iṣẹ́, níbi tí RAM náà ti ń sá 2666. Kò sí àṣìṣe. Lálẹ́ kejì mo tan XMP, ìyẹn sẹ́tìn tí àwọn tó ṣe RAM kọ sínú rẹ̀, ó sì bọ́ sí 3200 tí wọ́n kọ sí i lára. Kò sí àṣìṣe. Mo wá dá a padà sí 3600 tí àbúrò mi fi sí i. Ìyípo àkọ́kọ́ kò tíì parí tí pupa fi bo ojú sukirín.

Àṣìṣe RAM kì í fi gbogbo ìgbà pa kọ̀ǹpútà. Ó lè kàn yí ẹyọ òdo kan padà sí ení nínú fáìlì, kí iṣẹ́ máa lọ, kí ẹ sì fi èyí tó bàjẹ́ pamọ́ láìmọ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn, torí kì í ṣe render nìkan ló fi kọ̀ǹpútà náà ṣe láti oṣù Kejìlá. Òun náà ló fi ń kó fídíò kúrò nínú káàdì kámẹ́rà lọ sínú hard disk. Mo bi í bóyá ó ti fọ àwọn káàdì náà, ìyẹn bóyá ó ti pa ohun inú wọn rẹ́. Ó dákẹ́. Ó ní òun ti fọ méjì, ti ìgbéyàwó tó kẹ́yìn ṣì wà. A fi ti inú káàdì wé ti inú disk, fáìlì méjì kò bára mu. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ìyá ìyàwó. Àwọn káàdì méjì tó ti fọ̀, a ò ní ohun tí a máa fi wọ́n wé mọ́.

Ìdí tó fi ń kú lọ́sàn-án

Inverter kò jẹ̀bi. Nígbà tí mo bi í dáadáa ni mo rí i: bí wọ́n bá mú iná lọ, kí bátìrì inverter lè pẹ́, ó máa ń pa fáànù àjà. Fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Lóru ọyẹ́ tó fi ṣe overclock, yàrá rẹ̀ kò ju 23 digírì lọ. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, láìsí fáànù, ó ń lọ sí 35. Bí yàrá bá fi digírì 12 gbóná sí i, prósẹ́sọ̀ inú rẹ̀ náà á fi nǹkan bíi 12 gbóná sí i, kò sí ọgbọ́n tí fáànù lè dá sí i. 84 ti oṣù Kejìlá di 96. Yàtọ̀ sí òpin yẹn, bí prósẹ́sọ̀ bá ṣe ń gbóná tó ni ó ń nílò fóltéèjì sí i kó tó lè sá eré kan náà láìkọsẹ̀. Overclock tó dúró ṣinṣin lóru lè máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lọ́sàn-án.

Ó wá bá mi ṣe ìṣirò fóltéèjì, torí mo fẹ́ kí ó ti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ jáde. Iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ, tó sì ń sọ di ooru, ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n ti fóltéèjì yàtọ̀: ẹ ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Láti 1.25 lọ sí 1.4, ooru fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Ẹ fi ti eré kún un, láti 4.0 lọ sí 4.3, ó di bíi ìdá 35. Eré tó rí gbà nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 7 àti ààbọ̀. Ó wo calculator fóònù rẹ̀, ó tún un tẹ̀.

Ó ní àríyànjiyàn kan, mo sì yìn ín fún un, torí ó fi hàn pé ó ń lajú wò. "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí mi ò fọwọ́ kàn án, mo rí i lórí HWiNFO tó ń dé 1.45 fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí 1.4 tèmi fi burú?" Òótọ́ ló sọ. Prósẹ́sọ̀ náà máa ń débẹ̀, àmọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà tí kọ́ọ̀ kan tàbí méjì ń ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kéré. Bí gbogbo kọ́ọ̀ bá ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ á fa fóltéèjì wálẹ̀ sí 1.3 tàbí kó tiẹ̀ lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi kàn án mọ́ 1.4, iṣẹ́ kún, iná púpọ̀, ooru púpọ̀, gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ àwọn ọ̀nà irin tíntìntín inú prósẹ́sọ̀ bí àgbàrá ṣe ń jẹ etí títì: ojú kò rí i lónìí, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, eré tó ti ń sá lórí fóltéèjì kan tẹ́lẹ̀ á máa bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ìran prósẹ́sọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà kì í kọjá 1.325 bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kàn án mọ́ ibì kan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ṣé ó ti ṣe prósẹ́sọ̀ náà léṣe láàárín oṣù méjì ààbọ̀ yẹn? A kò ní ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀. Kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òun wo ẹ̀yìn, kò rí ìwé kankan níbẹ̀. Ọjà tòkunbọ̀ sì ni, kò sí ẹni tó máa gbé e padà fún. Kódà bó jẹ́ tuntun, AMD kì í sanwó ohun tí overclock bá bàjẹ́.

Ẹran ti tán lára egungun

Mo mọ ibi tí ìfẹ́ overclock ti ń wọ àwọn ọmọ lórí. Ìtàn àwọn àgbà ni. Lọ́dún 1998, Intel ta prósẹ́sọ̀ olówó pọ́ọ́kú kan, Celeron 300A, 300 MHz. Èèyàn á gbé bus rẹ̀, ọ̀nà tó fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, láti 66 MHz lọ sí 100, ó di 450 MHz, ọ̀pọ̀ wọn sì gbà á láìjanpata. Ìdajì eré lé, láìfi kọ́bọ̀ kún un. Ta ni kò ní fẹ́?

Àwọn ilé iṣẹ́ ti gbọ́n láti ìgbà yẹn. Àwọn fúnra wọn ló ń jẹ ẹran ara egungun náà kó tó dé ọwọ́ wa. Ìyẹn ni 4.2 tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ryzen 5 3600 ń wo ooru ara rẹ̀, ń wo iná tó ń jẹ, ó sì ń sá tó bó ṣe lè sá tó nígbà gbogbo. Èyí tó kù fún wa lókè rẹ̀ kò pọ̀. Buru jù, ẹni tó bá kan gbogbo kọ́ọ̀ mọ́ 4.1 ti gba 4.2 lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Tí ẹ bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré bọ́ọ̀lù tàbí ka ìwé lórí rẹ̀, èmi á ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ ra fáànù tó dára. Laptop ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi laptop sílẹ̀.

Ti àbúrò mi yàtọ̀ díẹ̀, torí render ń lo gbogbo kọ́ọ̀ fún wákàtí púpọ̀. Mo fi hàn án pé káàdì àwòrán rẹ̀ lè bá a render ní ìdajì àsìkò yẹn. Ó ní òun mọ̀, pé ó dára fún èyí tí òun máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kí wọ́n wò, àmọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, ojú léèsì kì í dán dáadáa. Mi ò bá a jiyàn. Òun ló mọ oníbàárà rẹ̀.

Bí a ṣe tún un ṣe

Mo ra ìwé elógójì ewé fún un. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún un: ohun kan ni kó yí padà lẹ́ẹ̀kan, kó kọ ọ́, kó dán an wò, kó tó kan òmíràn. Aago méjì ọ̀sán la fi ṣe ìdánwò, fèrèsé ní títì, fáànù pípa. Ó ń làágùn, ó ń kùn. Mo ní bó bá yè é nínú ààrò yìí, á yè é níbikíbi.

A tan XMP nìkan, 3200, a kọ ọ́. A kan fóltéèjì mọ́ 1.25, a dá load-line padà sí àárín, a bẹ̀rẹ̀ láti 4.0. Wákàtí kan lórí Prime95, ó yege. A fi 25 MHz gòkè, ó yege. Títí dé 4.1. Ní 4.125, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 22, Prime95 ní kọ́ọ̀ kan ti ṣìṣirò. Ó nawọ́ sí fóltéèjì kíá, mo gbá a lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà: "díẹ̀ sí i, ó kù díẹ̀." A padà sí 4.1. Nínú yàrá 35 digírì, 81 ló ga dé. 90 ni ààlà tèmi fún kọ̀ǹpútà tó ń fúnni lóúnjẹ jẹ.

Fídíò ìṣẹ́jú 12 kan náà la fi wọn gbogbo rẹ̀. Bó ṣe gbé e dé, pẹ̀lú eruku àti paste bọ́tà lórí sẹ́tìn ilé iṣẹ́, ó gba ìṣẹ́jú 15 àti àáyá 20. Pẹ̀lú heatsink tuntun àti XMP, láìsí overclock, ó gba ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 40. Pẹ̀lú overclock 4.1, ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 10.

Ó wo ìwé náà títí. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo làálàá yìí, àáyá ọgbọ̀n?"

"Òun náà ni. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì àti heatsink ló fún ọ."

Ó rò ó. Ó fi sẹ́tìn 4.1 pamọ́ sínú profile kejì nínú BIOS, fún ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Profile kìíní kò ní overclock kankan, XMP nìkan, òun ló sì ń lò lójoojúmọ́. Ó tún àwọn fáìlì inú káàdì dà sínú disk, ó render ti ìyá ìyàwó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé e lọ fún wọn nílé fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní ìyá náà wo ibi tí wọ́n ti ń náwó fún un lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ìparí oṣù Kẹrin, ó ya fọ́tò ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọwọ́ rẹ̀ kò dán, àmọ́ ó ṣeé kà: "Profile 2. Yàrá 35. Fáànù àjà pípa. Render wákàtí 1. Ooru 81. Wọ́n mú iná lọ ní ìṣẹ́jú 48, mo bọ́ sórí inverter. Kò kú."